Ẹsẹ̀ Keje Dùùrù Màmá Hatsue

Méjìlá ni wọ́n. Suga, tí yóò ta dùùrù lọ́jọ́ náà, tún wọn kà, ó ń fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àpótí pẹlẹbẹ náà, ṣùgbọ́n kíkà kì í sọ méjìlá di mẹ́tàlá. Ó gbójú sókè wò wá.

"Ẹsẹ̀ keje ni kò sí," ó wí. "Wọ́n ti mú ẹsẹ̀ keje lọ."

Ẹni tí kò bá mọ koto, dùùrù wa gbọọrọ olókùn mẹ́tàlá, lè rò pé àga kan ló ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan ni ẹsẹ̀ kékeré kan máa ń dúró sí, òun ló ń gbé okùn sókè, òun ló ń fún un ní ohùn. Bí ẹsẹ̀ kò bá sí, okùn á sùn sílẹ̀ gbalaja, á sì yadi. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹsẹ̀ ti dùùrù yìí láyé àtijọ́. Wọn kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, ọjọ́ orí sì ti sọ funfun wọn di àwọ̀ wàrà.

Dùùrù Màmá Hatsue Kuzumaki ni. Kò sí àdúgbò kan ní Isozuka tí Màmá Hatsue kò ti kọ́ ọmọ ní dùùrù. Èmi Shunkichi ọlọ́pàá tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ó kọ́ mi títí ó fi sú u. Ó máa ń wí pé, "Shunkichi, ẹnu rẹ gbọ́ orin, ọwọ́ rẹ ni kò gbọ́. Ọwọ́ yẹn, àpò ìrẹsì ni kí o máa fi gbé." Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ilẹ̀ mì tí òkun sì dìde gun orí ilẹ̀ wá bá wa, omi gbé Màmá Hatsue lọ tòun ti ilé rẹ̀, a kò sì rí i títí di òní. Dùùrù nìkan ni òkun dá padà, inú ẹrẹ̀ ni a ti bá a. Àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́n káàkiri, gbogbo ìlú ló ń fi asẹ́ yọ wọ́n nínú ẹrẹ̀ bí ẹni ń wá wúrà, títí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá fi pé. Bàbá Jinpachi, ọkọ rẹ̀, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí ìkeje.

Ọjọ́ tí Suga ń ka ẹsẹ̀ yìí ni dùùrù yóò tún fọhùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn olórin ti wá láti Tokyo àti Sendai, onífèrè ọparun, onílù ńlá, onígìtá oníná, kí wọ́n ṣe eré nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé tó wà lórí òkè, kí a lè rí nǹkan fi tún èbúté wa kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ọkọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yóò wá gbé dùùrù lọ sí ìlú ńlá, ó sì di gbére. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn nìkan ni a ní láti gbọ́ ọ.

"Bí a kò bá rí i kí àwọn èèyàn tó wọlé, mo máa dá wọn padà," ni Alága Hiwatari wí. Òun ni olórí ìgbìmọ̀ eré náà, ọkùnrin tí ó máa ń nu òógùn kí ó tó làágùn. "Ṣé kí wọ́n gbọ́ pé olè wà láàárín àwa tí a ní à ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni?"

"Ọwọ́ mi ni wọ́n fi í sí, Alága," Suga wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí kò bá di rírí, n kò ní fọwọ́ kan dùùrù mọ́ láyé mi."

Mo mọ̀ pé kò ṣeré. Òun ni Màmá Hatsue fẹ́ràn jù nínú gbogbo wa, àwọn tó bá sì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín kì í kó o jẹ.

Ọ̀gá mi, Ìnsípẹ́kítọ̀ Arikawa, ń wo àpótí náà. Obìnrin kúkúrú ni, ó máa ń fi kóró èso oníyọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí kóró bá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó ń wòye. Bí ó bá ti bọ́ sí ọ̀tún, ẹni tó bá mọ̀ pé òun jẹ̀bi, kí ó yáa jẹ́wọ́.

Kóró náà wà ní òsì. "Suga, ọmọ mi, ta ló di àpótí yìí padà?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Ọ̀gá. Bí mo ṣe dì í ni mo ṣe bá a. Aṣọ inú rẹ̀ ká dáadáa, okùn rẹ̀ ta kókó bí mo ṣe ta á."

"Olè tó mọ kókó ta," Arikawa wí. "Àti tìmùtìmù wọ̀nyí?"

Tìmùtìmù ìjókòó méjì ló wà nílẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, dùùrù sì wà láàárín.

Suga yẹ̀ wọ́n wò. "Ọ̀kan ni mo lò. Èkejì wà lórí àwọn yòókù lẹ́bàá ògiri."

Arikawa kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ń bo dùùrù, ó sì fa nǹkan méjì jáde. Igi ìjẹun ni, irú tí a máa ń fi méjì mú oúnjẹ nínú àwo. Ọ̀kan jẹ́ ọparun, èkejì jẹ́ igi kédárì, ọparun sì gùn ju kédárì lọ.

"Àwọn obìnrin ilé ìdáná ni," mo wí. "Wọ́n ń pín ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ láti àárọ̀. Kò sí ibi tí igi ìjẹun kò sí."

Arikawa gbóòórùn wọn. "Ọbẹ̀ kò kàn án rí." Ó fi aṣọ ìnuwọ́ dì wọ́n, ó dì wọ́n bí ẹni ń di ohun ọ̀wọ̀, ó sì kì wọ́n bọ àpò àyà. Mo rí i, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ló wà lọ́kàn mi.

*

"Kí ni ẹ tún ń wá?" Alága wí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Reiji ni! Ojú gbogbo wa kọ́ ló ṣe lánàá, tó ní kí wọ́n ti fi dùùrù náà sílẹ̀ fún ẹja?"

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Reiji Kuzumaki, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Hatsue bí, òun ni onígìtá oníná tó ti Tokyo wá. Nígbà tí ó ṣì kéré, ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó jogún dùùrù, ó kọ̀, ó gbé gìtá, ó bínú kúrò nílé. Bàbá rẹ̀ búra pé àwọn kò ní jẹun nínú ìkòkò kan náà mọ́. Nígbà tí omi gbé Màmá, Reiji wá, ó wá òkú ìyá rẹ̀ létí òkun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bàbá rẹ̀ náà ń wá a, èyí ní ìhà àríwá, èyí ní ìhà gúúsù. Wọn kò kí ara wọn. Láti àárọ̀ ọjọ́ eré yìí náà, gìtá Reiji ń han lórí pèpéle, òòlù Bàbá Jinpachi ń dáhùn lábẹ́ pèpéle níbi tó ti ń fi pákó tì í lẹ́sẹ̀, bí ẹni pé ìjà ni wọ́n ń fi ariwo jà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni etí wa sinmi. Mo fi àkókò yẹn jẹ ìrẹsì mi ní àlàáfíà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo òrìṣà tó wà lórí òkè náà.

"A ó bi í," Arikawa wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ẹni tó ń sá fún mi yìí sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin kan tí ó wọ kóòtù ràkúnmí ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sẹ́yìn òpó. Ubukata ni, oníṣòwò ohun àtijọ́. Láti ọjọ́ tí omi ti fà ló ti ń yí ìlú wa po bí àṣá.

"Ọ̀gbẹ́ni Ubukata, wọ́n ní ẹ béèrè eyín erin lọ́wọ́ Suga láàárọ̀."

"Bíbéèrè di ẹ̀ṣẹ̀ ni? Mo kàn béèrè bóyá gidi ni."

"Ẹ jẹ́ kí n rí àpò yín."

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá! Ẹ kì í wo ojú èèyàn, àpò lẹ máa ń wò." Ṣùgbọ́n ó kó o jáde: ṣìgá, awò ìwòran, èso kan tó ti rún, àti nǹkan funfun kan tí mo fò mọ́ bí ológbò.

"Mo mú un, Ọ̀gá!"

Arikawa gbà á, ó wò ó, ó dá a padà fún Ubukata. "Eyín rẹ̀ ni, Shunkichi. Eyín ẹnu rẹ̀."

"Ìrẹsì líle ló ká a," Ubukata wí, ojú tì í. Ó ya ẹnu kí n rí àlàfo náà. Kò sí ẹni tó ní kí ó yà á.

"Ẹ má lọ, ẹ jókòó wo eré," Arikawa wí fún un. Ó kọjú sí mi. "Tí ó bá jẹ́ òun ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ni ìbá kó. Ọ̀kan nínú mẹ́tàlá kò ṣe é tà. Ẹni tó mú ọ̀kan, ọ̀kan ló fẹ́."

*

Reiji ń so wáyà mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irun rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo ti mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀," ó wí. "Ọmọ burúkú ìlú. Ẹ bi mí."

"Ṣé ìwọ lo mú un?"

"Bí mo bá fẹ́ pa dùùrù, Ọ̀gá, ṣé ẹsẹ̀ kan ni mo máa gé? Odidi rẹ̀ ni ǹ bá sọ sínú òkun."

"Lánàá o ní kí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún ẹja."

"Nítorí òkun dá igi padà, kò dá èèyàn padà. Ṣé ẹ̀yin kò ní bínú sí irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Arikawa wo ojú rẹ̀. "Ìwọ àti bàbá rẹ, ẹ ti sọ̀rọ̀ lónìí?"

"Bàbá wo?"

"Ojú rẹ pọ́n."

"Èéfín ọbẹ̀ ni."

"Ilé ìdáná jìnnà síbí," mo wí. Mo rò pé mo ti gbá a mú, ṣùgbọ́n Arikawa fà mí lápá, a lọ.

Bàbá Jinpachi wà nídìí pèpéle lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ fá pákó kédárì. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn láti kékeré. Nígbà tí òkun fọ́ gbogbo ọkọ̀ tó kàn, kò sọ nǹkan kan, ó kàn tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," Arikawa wí, ó tẹríba. "Ẹ rí ẹni tó wọ yàrá dùùrù láàárọ̀?"

"Òòlù ni mò ń wò. Ẹni tí kò bá wo òòlù á fi lu ìka rẹ̀."

"Reiji ńkọ́? Ẹ rí i?"

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Arikawa ń wo èérún pákó kédárì tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè sí pẹpẹ kékeré kan tó ga ju orí wa lọ, níbi tí nǹkan kan wà tí a fi aṣọ funfun dì, tí ife tíì gbígbóná sì wà níwájú rẹ̀.

"Kí ni ẹ dì síbẹ̀ yẹn, Bàbá?"

Ọwọ́ àgbàlagbà náà dúró lórí ọ̀bẹ. "Oúnjẹ ọ̀sán mi ni."

"Kí ó gba ibi ire," Arikawa wí. Bí a ti ń jáde, mo gbọ́ tí kóró inú ẹnu rẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún.

*

Àwọn èèyàn ti ń gun òkè bọ̀ láti àwọn ilé onípákó tí ìjọba kó wa sí. A ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé: àwọn ìyá arúgbó tí ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, tí wọ́n wọ aṣọ tó dára jù nínú aṣọ tí wọ́n fi tọrẹ fún wọn. Alága dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu òógùn. Ó ti ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn.

"Shunkichi," Arikawa wí, "ìgbà wo lo fi igi ìjẹun tí kò bára mu, ọparun kan, igi kan, gbé nǹkan gbẹ̀yìn?"

Láti kékeré ni ìyá wa ti ń gbá wa lọ́wọ́ tí a bá fi igi tí kò dọ́gba jẹun, tàbí tí ẹni méjì bá fi igi ìjẹun mú ẹran kan náà pọ̀ nínú àwo. Ibì kan ṣoṣo ni a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ọjọ́ tí a sun òkú bàbá mi," mo wí. "Nígbà tí a ń ṣa egungun rẹ̀ sínú ìkòkò."

"Ìwọ nìkan lo ṣa á?"

"Ó tì o! Èmi àti àǹtí mi la jọ gbé e, igi tèmi, igi tirẹ̀, lára egungun kan náà. Ẹnì kan kì í dá a gbé."

"Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Tìmùtìmù méjì, Shunkichi. Ẹni méjì ló kúnlẹ̀ síbẹ̀, wọn kò wá jalè. Òkú ni wọ́n wá ṣa." Ó gbé ọwọ́ lé àpò àyà rẹ̀. "Ọ̀la, yàtọ̀ sí pé dùùrù ń lọ, kí ló tún ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí?"

Mo mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. "Àlùfáà fẹ́ sin ìkòkò egungun Màmá Hatsue."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn tí òkun kò dá òkú wọn padà, ìyarun wọn ni wọ́n ń fi sínú ìkòkò, tàbí awò ojú wọn, tàbí irun tó ṣẹ́kù lára ìrọ̀rí. Ilé Màmá Hatsue lọ tòun ti ìpìlẹ̀. Kò ní ìyarun, kò ní ìrọ̀rí. Bàbá Jinpachi ti ń gbé ìkòkò òfìfo kiri láti ọdún méjì.

"Oúnjẹ ọ̀sán wo ni à ń bu tíì síwájú rẹ̀, bí ẹni ń bu fún òkú?" Arikawa béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣùgbọ́n ta ni ẹnì kejì, Ọ̀gá? Bàbá kò ní ẹbí mọ́ àyàfi... Àwọn yẹn? Wọn kì í dúró nínú yàrá kan náà!"

"Ìgbà wo lo jẹ ìrẹsì rẹ láàárọ̀?"

"Nígbà tí ariwo dá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dá."

"Ariwo wo?"

"Ariwo gìtá. Àti ti òòlù." Ariwo méjèèjì ló dá lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jókòó lórí ẹ̀rí náà, mo ń jẹ ìrẹsì.

*

Arikawa kò pariwo, kò mú ẹ̀wọ̀n ọwọ́ jáde. Suga tẹ̀lé wa, Alága tẹ̀lé Suga, a wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ọ̀gá mi kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Jinpachi, ó tú aṣọ ìnuwọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na igi ìjẹun méjì náà sí i.

"Bàbá, ẹ gbàgbé èyí."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà náà. Kí ó tó lanu, ẹnì kan já aṣọ ìkélé wọlé. Reiji ni, wáyà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Èmi ni mo mú un! Ẹ fi bàbá mi sílẹ̀!"

"Irọ́ ló ń pa," Bàbá Jinpachi wí. "Èmi ni mo gbẹ́ igi, èmi ni mo tú àpótí. Ọmọ mi kò mọ nǹkan kan."

Wọ́n wo ara wọn. Mo rò pé àwọn méjèèjì gbọ́ ohun tí ẹnu wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, ọ̀kan ní bàbá mi, ọ̀kan ní ọmọ mi. Omi bọ́ lójú mi, n kò purọ́.

Bàbá Jinpachi jókòó sílẹ̀. "Ọ̀la ni wọ́n ń gbé dùùrù lọ. Èmi náà ni mo gbà pé kí wọ́n gbé e, kí omi má tún rí i mú. Ṣùgbọ́n lánàá, mo mi ìkòkò yìí, kò dún. Ṣé òfìfo ni mo máa sin? Ọwọ́ rẹ̀ ló kan ẹsẹ̀ yẹn lójoojúmọ́. Ó funfun. Ó jẹ́ egungun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti erin. Mo gbẹ́ igi méjì méjì, mo wá rántí pé n kò lè dá a gbé." Ó fi orí júwe ọmọ rẹ̀. "Mo gun pèpéle lọ bá a. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo kàn na igi sí i."

"Mo pa gìtá," Reiji wí. "Kí ni kí n tún ṣe?"

Alága Hiwatari nu ojú. "Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n mẹ́tàlá ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń retí. Ohun gbogbo ìlú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ jáde, ó kéré tán kí Suga lò ó lónìí."

Bàbá Jinpachi dìde láìjiyàn. Ó gbé ìkòkò náà sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ funfun náà, ìka tó ti kan ọkọ̀ tí kò níye kò sì lè tú kókó kékeré kan. Ohun náà dún kó nínú ìkòkò, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo gbọ́ ọ, ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tí kì í ṣe ti ibi.

"Ẹ dúró, Bàbá," Suga wí.

Ó wá, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ àgbàlagbà náà, ó sì tún kókó náà ta.

"Ohun tó ti wọ ìkòkò, a kì í yọ ọ́. Ṣé kí n gbé egungun olùkọ́ mi sábẹ́ okùn kí n máa fi ṣeré?"

"Kí lo fẹ́ fi ta dùùrù, Suga?" Alága béèrè. "O ní ẹsẹ̀ oníke nínú àpò rẹ. Fi oníke sí i, ta ni yóò mọ̀?"

Suga mú ẹsẹ̀ oníke kan jáde, ó yí i wò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gbogbo wọn ló máa mọ̀, Alága. Òun ló kọ́ wọn." Ó dá a padà sínú àpò. "Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Alága kọjú sí ọ̀gá mi. "Olè tí ẹ̀ ń wá ńkọ́?"

Arikawa tu kóró èso sí ọwọ́, ó dìde. "Olè wo? Ọkọ ló ṣa egungun ìyàwó rẹ̀. Lọ́la, èmi fúnra mi ni mo máa sọ ọ́ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé."

*

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Onífèrè ọparun kọ́kọ́ fọn tirẹ̀, onílù ńlá lù títí àyà wa fi ń lù tẹ̀lé e. Reiji ta gìtá oníná, àwọn ìyá arúgbó di etí wọn, wọ́n sì ń ṣàtẹ́wọ́ lójú kan náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé dùùrù Màmá Hatsue jáde, kò sì sí ẹni tó wúkọ́ mọ́.

Ẹsẹ̀ méjìlá dúró, okùn keje sùn sílẹ̀. Suga tẹríba, ó ní, "Orin tí gbogbo wa kọ́kọ́ kọ́ ni." Orin Màmá Hatsue fúnra rẹ̀ ni, òun ló ṣẹ̀dá rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà jáde, àní ohùn tí òkun gbé tí ó sì dá padà, mo sì di ọmọ ọdún méje lórí ìjókòó mi. Nígbà tí orin dé ibi okùn keje, ọwọ́ Suga lọ síbẹ̀, ó fà á, kò sí nǹkan kan. Àlàfo kan wà níbẹ̀ bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ tẹ àtẹ̀gùn tí kò sí. Gbogbo gbọ̀ngàn ló mí sínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Màmá Hatsue ṣe ń kọ́ni. Bí gbogbo olùkọ́ dùùrù wa àtijọ́, kì í jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan okùn kí ó tó fi ẹnu kọ orin náà tán. Okùn kọ̀ọ̀kan ní ohùn tí ẹnu fi ń pè é, tọọn, ṣaan, tẹẹn, a ó jókòó lórí ẹní, a ó máa kọ ọ́ títí yóò fi di ara wa. Ẹni tó bá ti kọ́ ọ kò lè gbàgbé, bí ó tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé.

Orin tún dé ibi okùn keje. Suga fà á. Láti ìlà kẹta, ìyá arúgbó kan tí n kò rí ojú rẹ̀ fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ dá a lóhùn: *tẹẹn*.

Ọwọ́ Suga fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ṣùgbọ́n kò dúró. Nígbà tí ó tún débẹ̀, ẹni mẹ́wàá ló wí i. Nígbà tí ó tún débẹ̀, gbogbo ìlà òsì. Apẹja wà níbẹ̀, apínlẹ́tà wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ilé ìdáná dúró sẹ́nu ọ̀nà tàwọn ti ṣíbí lọ́wọ́. Ubukata tó ti òkèèrè wá yọ fìlà rẹ̀. Arikawa ń wí i. Èmi náà wí i, ẹnu mi tí ó gbọ́ orin ju ọwọ́ mi lọ, mo wí i, gbogbo ara mi sì dìde. Mo ti rí òkun tó dìde dúró bí ògiri, n kò rò pé nǹkan mìíràn tún lè bà mí lẹ́rù bẹ́ẹ̀ láyé. Èyí bà mí lẹ́rù jù ú lọ. Okùn kan ṣoṣo ni kò ní ẹsẹ̀, gbogbo ìlú sì wá di ẹsẹ̀ rẹ̀.

Reiji dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé, gìtá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ láìsí iná nínú rẹ̀. Orin tí ó tìtorí rẹ̀ sá nílé, mo rí i tí ètè rẹ̀ ń wí i. *Tẹẹn.* Kò tàsé ẹ̀ẹ̀kan.

Bàbá rẹ̀ jókòó sísàlẹ̀ níbẹ̀, ìkòkò aláṣọ funfun lórí itan. Ọkùnrin tó gbé ilé kan náà pẹ̀lú orin yẹn láti ìgbà èwe rẹ̀, òòlù nìkan ló máa ń fi dá a lóhùn. Orin ti ń lọ sópin. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan tí yóò kan okùn keje. Ohùn ìlú wálẹ̀, Suga gbé ọwọ́ sókè láti fa okùn keje náà fún ìgbà ìkẹyìn. Ìgbà náà ni Bàbá Jinpachi lanu.

Kò tíì dá orin rí. Ohùn rẹ̀ kò tètè jáde, ó wo ọmọ rẹ̀, ó gbìyànjú, kò jáde. Ọwọ́ Suga wà lókè.

Suga dúró dè é.